Fídíò Lẹ́nu, Kò Létí: Àkọsílẹ̀ Bọ̀bọ̀ Kan Tó Fi YouTube Kọ́ Sax n'Ìbàdàn

Ọmọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní sọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ. Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ síta torí àwọn tó wà nírú ipò tó wà nígbà yẹn pọ̀ n'Ìbàdàn yìí, wọn ò kàn rẹ́ni bi ni. Iṣẹ́ gbàjámọ̀ ló ń ṣe lápá Àpáta. Ó fowó ara ẹ̀ ra sax alto kan, ìyẹn irú fèrè saxophone kan, títun, ti China, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi YouTube kọ́ ọ lálẹ́ lẹ́yìn tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù tán. Kó tó wá bá mi, ó ti lé lọ́dún méjì tó ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ọdún kan àkọ́kọ́ ló fi tẹ̀ síwájú, èyí tó kù, ojú kan náà ló wà.

Mi ò sí lára àwọn olùkọ́ tó máa ń bú YouTube o. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, fídíò ṣe bẹbẹ fún ọmọ yìí. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń to sax, bí wọ́n ṣe ń so reed (pẹlẹbẹ tó máa ń gbọ̀n tó fi ń dún) mọ́ mouthpiece (ibi tí wọ́n ń kì sẹ́nu), ó mọ ibi tí ìka kọ̀ọ̀kan ń lọ, ó mọ skéélì C, G, D àti F, ó sì lè fọn orin ìyìn bíi mélòó kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, àfi owó dátà. Ìgbà tí èmi ń kọ́ṣẹ́, kéèyàn tó rí ẹni tó máa fi gbogbo ìyẹn hàn án, á ti pọn omi, á ti gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan wọ̀nyẹn dáadáa, gbogbo wọn pátá ohun téèyàn lè fojú rí ni. Ìka, ẹ rí i. Bí wọ́n ṣe so reed, ẹ rí i. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ohun tó kàn ò sí níta mọ́, tó wá di inú ẹnu, ọ̀fun, ikùn àti etí.

Bó ṣe wà nìyí. Àwọn nóòtù ìsàlẹ̀, látorí D lọ sílẹ̀ dé B flat, wọn kì í jáde, tí wọ́n bá sì jáde wọ́n á máa gbọ̀n. Àwọn tòkè ń jáde ṣùgbọ́n wọ́n ga ju bó ṣe yẹ lọ, tí kíbọ́ọ̀dù bá ti wà níbẹ̀ ẹ ó gbọ́ ọ pé wọn ò bára mu. Ohùn ẹ̀ tín-ín-rín. Tó bá fọn orin mẹ́ta sí mẹ́rin, ètè ìsàlẹ̀ ẹ̀ á ti dá egbò nínú, ẹ ó rí ẹ̀jẹ̀ lára reed. Òun rò pé bí sax ṣe máa ń rí nìyẹn, pé ètè á lè tó bá yá.

Ohun tó kọ́kọ́ gbìyànjú ni ohun tí gbogbo èèyàn máa ń gbìyànjú, ó wá fídíò sí i. Ọ̀kan ní kó ká ètè ìsàlẹ̀ bo eyín dáadáa, òmíì ní kó yọ ètè síta díẹ̀. Ọ̀kan ní kó ki mouthpiece sẹ́nu sí i, òmíì ní àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń ki í jù. Ọ̀kan ní reed 2 àti 2½ (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí reed ṣe le tó) tọmọdé ni, 3 làwọn àgbà ń lò, ó bá lọ ra 3. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń pààrọ̀ bó ṣe ń ṣe ẹnu. Ẹ gbọ́ o, kò sí irọ́ nínú ìmọ̀ràn wọ̀nyẹn, ìkọ̀ọ̀kan wọn wúlò fún ẹnì kan níbì kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń gé mouthpiece jẹ tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní kó ká ètè bo eyín sí i, ẹ ti dá kún ìṣòro ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá fún un ní reed tó le, agbára tó máa fi gé e jẹ náà á tún pọ̀ sí i. Ó dà bí ẹni tó ra oògùn lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì mẹ́rin láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni nínú wọn yẹ ara òun wò.

Lẹ́yìn ìyẹn ó sanwó fún kọ́ọ̀sì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí sàn díẹ̀ torí ó ní ètò, ẹ̀kọ́ kìíní ń bẹ kó tó kan èkejì, ó sì jẹ́ kó mọ skéélì sí i. Ohùn ẹ̀ ò yí padà. Ó tún wọ gírúùpù WhatsApp kan tí wọ́n ti ń fi rekọ́ọ̀dù ránṣẹ́ síra wọn. Ohun tó ń rí gbà níbẹ̀ kò ju "ó dáa bọ̀ọ̀dá", "more grace", "Ọlọ́run á gbé e ga" lọ. Inú rere ni, mi ò bú wọn, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí pé wọn ò fẹ́ múnú bí i, fóònù náà ń tan gbogbo wọn jẹ. Fóònù tá a fi ń rekọ́ọ̀dù máa ń bá wa dọ́gba ohùn fúnra ẹ̀, èyí tó bá ròkè á tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, èyí tó bá rẹlẹ̀ á gbé e sókè, nígbà tó bá fi máa dé etí ẹni tó ń gbọ́, ohùn tí kò lágbára àti ohùn tó lágbára á ti fẹ́ẹ̀ jọra.

Ó tún gbìyànjú ẹ̀kọ́ ojúkojú lórí ìpè fídíò pẹ̀lú olùkọ́ kan tó wà lókè òkun. Olùkọ́ yẹn mọṣẹ́, mo gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní kó fọn nóòtù kan gbọọrọ kóun gbọ́, ìyẹn sì ni ohun tí èmi náà ì bá ní kó ṣe. Àmọ́ àwọn àpù ìpè fídíò, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe wọ́n fún, ohùn tó bá ń dún gbọọrọ lójú kan, wọ́n máa ń kà á mọ́ ariwo bíi ti fáànù tàbí jẹnẹrétọ̀, wọ́n á sì gé e dànù. Nítorí náà ohun tó yẹ kí olùkọ́ gbọ́ jù lọ ni kò gbọ́. Ibi tí wọ́n ti ń pa ìyẹn wà lórí Zoom, "original sound" ni wọ́n ń pè é, ẹnikẹ́ni tó bá máa kọ́ orin lórí ìpè kó kọ́kọ́ wá a rí. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní ó pa á, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ńkọ́? Ohùn á pẹ́ kó tó dé ọ̀hún, èèyàn méjì ò lè fọn nǹkan pọ̀ kó dọ́gba. Ó fi í sílẹ̀.

Ohun tó gbé e dọ́dọ̀ mi ni Sunday ìdúpẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Màmá tó ń ṣe lead dá orin látinú ara ẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè key, bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn, ibi tí ohùn bá bọ́ sí ni wọ́n ti máa gbé e. Ọmọ tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù wá a kàn, ó tẹ transpose, bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn kíbọ́ọ̀dù lọ sí key mìíràn láìyí ìka padà, sókè lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì ń fi ìka C lù ú lọ. Bọ̀bọ̀ wa fetí sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi í pé, "Key wo la wà?" Onítọ̀hún ní, "C." Kò parọ́ lójú ara ẹ̀, ìka C ló ń lù lóòótọ́. Orúkọ nóòtù alto kì í bá ti kíbọ́ọ̀dù dọ́gba, bọ̀bọ̀ wa wá ṣe ìṣirò tí fídíò kọ́ ọ, pé tí kíbọ́ọ̀dù bá wà lórí C, alto á wà lórí A, ó sì fọn A wọ̀ ọ́ gbàà, pẹ̀lú máíkì lẹ́nu sax. Orin tó ń dún nígbà yẹn, E ni. C# ló yẹ kí alto wà. Sax kì í ní bọ́tìnnì transpose o, ẹ ò lè tẹ nǹkan kan kẹ́ ẹ sì máa bá ìka yín lọ.

Gbogbo tírákì, ìyẹn orin tí wọ́n ti rekọ́ọ̀dù sílẹ̀ kéèyàn máa fọn lé lórí, tó ti fi ń kọ́ṣẹ́ látọjọ́ yìí, key tó rọrùn fún alto ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Òun rò pé òun mọ orin náà, bẹ́ẹ̀ ibì kan ṣoṣo ló ti mọ̀ ọ́n. Ó ní wọ́n fọwọ́ ṣàmì sí òun pé kóun dákẹ́, ó sì dákẹ́ títí wọ́n fi jọ́sìn tán. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló wá bá mi ní Mọ́kọ́lá. Ohun tó sọ fún mi ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́ mi ní gbogbo key." Mo ní kó kọ́kọ́ gbé sax jáde ná.

Mi ò jẹ́ kó lo tírákì kankan. Mo ní kó yọ mouthpiece kúrò lára sax, kó fọn mouthpiece nìkan. Ẹni tó ń fọn alto, mouthpiece nìkan yẹ kó máa dún níbi A, tàbí kó wálẹ̀ díẹ̀ sí i fún àwọn tó ń fọn jazz. Tiẹ̀ kọjá B, ó ń lọ sí C. Mo gbé tuner, ẹ̀rọ tó ń fi nóòtù tó ń dún hàn, sí iwájú ẹ̀ kó lè fojú ara ẹ̀ rí i. Nǹkan tí ìyẹn ń sọ fún olùkọ́ ni pé eyín ń ṣiṣẹ́ tó yẹ kí èémí ṣe. Ohun tí mo ṣe yẹn ò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì jẹ́ ká mọ ìdí tí òkè fi ń ga jù, ìdí tí ohùn fi tín-ín-rín àti ìdí tí ètè fi ń ṣẹ̀jẹ̀, ìdí kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní.

Ṣùgbọ́n tìsàlẹ̀ ṣì ń dùn mí lọ́kàn. Mo ní àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ kan tó wà lórí wáyà gígùn, mo jù ú sínú ara sax láti ẹnu ìsàlẹ̀, mo paná yàrá, mo wá ń tẹ àwọn kọ́kọ́rọ́ dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ yọ lábẹ́ pádì méjì, ìyẹn àwọn ohun tó ń dé ihò ara sax. Afẹ́fẹ́ ń jò níbẹ̀. Ọmọ yìí ti ń bínú sí ara ẹ̀ látọjọ́ yìí lórí B flat tí kò jáde, ó ti wo fídíò lórí nóòtù ìsàlẹ̀ láìmọye, ìdajì ẹ̀ṣẹ̀ náà ni ti fèrè! Kò sí fídíò tó lè bá a rí ìyẹn. Nígbà tí oníṣẹ́ bá a pààrọ̀ pádì méjèèjì, D ìsàlẹ̀ àti C jáde lọ́jọ́ yẹn gan-an. B àti B flat ò tíì jáde, ìyẹn ló jẹ́ ti ẹnu.

Lọ́dún 1993, Anders Ericsson, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ méjì kọ ìwádìí kan lórí àwọn tó ń ta fayolíìnì ní Berlin. Ohun tí aráyé mú nínú ẹ̀ ni wákàtí, pé kéèyàn ṣáà ti pọ̀ ní wákàtí. Ohun tó jẹ mí lógún jù níbẹ̀ ni irú ìdánrawò tí wọ́n ń sọ, èyí tí olùkọ́ yàn fún ẹni náà torí àléébù tirẹ̀, tí ẹni náà sì ń mọ lójú ẹsẹ̀ bóun ṣe ṣe sí. Bọ̀bọ̀ yìí ní wákàtí, ó pọ̀ dáadáa. Àléébù tirẹ̀ ni kò sẹ́ni tó bá a yàn.

A bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, mo sì sọ fún un látìbẹ̀rẹ̀ pé ohùn ẹ̀ máa kọ́kọ́ burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Reed 3, mo gbà á, mo fún un ní 2. Mouthpiece nìkan láàárọ̀ títí á fi dúró sí A. Lẹ́yìn náà nóòtù gbọọrọ pẹ̀lú tuner, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ nóòtù náà nínú orí kó tó fọn ún. Lẹ́yìn náà ìka B flat ìsàlẹ̀, kó má gbé ìka kankan, kó fi ọ̀fun àti èémí nìkan fa B flat tòkè yọ, kó fa F tó tẹ̀ lé e yọ. Ẹni tó bá ń gé mouthpiece jẹ ò ní lè ṣe èyí láé, ìyẹn ló ṣe jẹ́ ìdánrawò tó dáa fún un, kò jẹ́ kó rẹ́ ara ẹ̀ jẹ.

Ibẹ̀ ló ti fẹ́ẹ̀ bọ́. Wọ́n pè é síbi òkú àgbà kan ní Mọ́níyà, owó wà níbẹ̀, mo sì ti ní kó má fọn níta ná títí ẹnu á fi jókòó. Ó lọ. Mi ò bá a jà, owó ilé ń bẹ láti san. Nígbà tó débẹ̀, tí àwọn èèyàn ń wò ó, ẹnu àtijọ́ ló padà sí, kó lè tètè rí ohùn tó mọ́ ọn lára. Ó padà wá pẹ̀lú egbò, ó sì ní, "Ẹ̀gbọ́n, tàtijọ́ yẹn ló tiẹ̀ ń gbọ́ tèmi o." Mo ti rekọ́ọ̀dù ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wá, kì í ṣe pẹ̀lú fóònù, mo ní ẹ̀rọ tí mo fi ń ṣe é tí kì í dọ́gba ohùn. Mo gbé ti ọjọ́ yẹn sórí sípíkà, mo wá gbé ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú òde yẹn, nóòtù kan náà, yàrá kan náà. Mi ò sọ̀rọ̀. Ó ní kí n tún un gbé. Nígbà tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì ó ní, "Ti àkọ́kọ́ ń sunkún." Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti yí. Láti ọjọ́ yẹn ni òun fúnra ẹ̀ ti máa ń dá ara ẹ̀ dúró láàárín nóòtù tí eyín bá ti fẹ́ wọ ọ̀ràn, kò dúró dè mí mọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn la tó dé ọ̀rọ̀ key. Mi ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó mọ sol-fa láti kékeré, d r m f s l t ò ṣàjèjì sí i. Mo ní kó kọ orin tó bà á jẹ́ lọ́jọ́ ìdúpẹ́ yẹn ní sol-fa, kó kọ ọ́ lẹ́nu títí kò fi ní rò ó mọ́, ká tó wá gbé dò sórí C#. Ó gba àkókò. Lọ́sẹ̀ kan a ò kúrò lórí ìlà àkọ́kọ́. Àmọ́ nígbà tí C# jókòó, F# tẹ̀ lé e wẹ́rẹ́ torí kì í ṣe ìka ló ń há sórí mọ́, ibi tí dò wà ló ń wá. Mo tún kọ́ ọ pé kó má bi onikíbọ́ọ̀dù ní key mọ́, kó fetí wá ohùn tí orin sinmi lé, kó fi nóòtù kan ṣoṣo tọ́ ọ wò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kó tó súnmọ́ máíkì.

Ìlù ló kù, ohun tí mi ò sì lè kọ́ ọ nìyẹn, mo gbé e fún ọmọ àyàn kan lápá Ọ̀jẹ́ tá a jọ máa ń ṣeré. Tírákì kì í sáré, kì í fà, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ló ṣe máa parí. Bàǹdì tó ń jó wà láàyè, ó máa ń mí. Onígángan yẹn ní kó gbé sax sílẹ̀, ó ní kó máa fi àtẹ́lẹwọ́ pa kónkóló tí agogo máa ń lù, kó sì máa kọrin lé e lórí. Bọ̀bọ̀ wa ò mọ̀ pé ó ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sílé àyàn, ẹ̀yìn bàbá ẹ̀ ló máa jókòó sí pẹ̀lú omele fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ìyáàlù, etí ni wọ́n ń bá a là nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n ní kí bọ̀bọ̀ wa gbé sax, ó ń fọn láìdúró, bó ṣe mọ́ ọn lára lórí tírákì. Onígángan dá ìlù dúró, ó ní, "Mo ń sọ̀rọ̀, o ń já a gbà lẹ́nu mi." Èmi ti sọ ọ̀rọ̀ kéèyàn máa fi àyè sílẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀ o, kò wọ̀ ọ́ létí àfìgbà tí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀ sọ ọ́.

Ibi tó wà báyìí, ẹnu ti jókòó, B flat ìsàlẹ̀ ń jáde, ètè kì í ṣẹ̀jẹ̀ mọ́. D àárín ṣì máa ń ga díẹ̀, D yẹn ń dààmú ọ̀pọ̀ sax, a ṣì wà lórí ẹ̀. Key tó ń dá gbé pọ̀, kò tíì pé méjìlá. Ó sì ń wo YouTube o! Bó ṣe ń wò ó ló yàtọ̀. Ó máa ń mú ìlà kan tó wù ú, á dín eré ẹ̀ kù sí 0.75 tàbí 0.5, á fetí kọ ọ́ láìwo ìka onítọ̀hún, á sì gbé e sí key mìíràn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ àwọn èèyàn bíi tiẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún wọn pé àsìkò tí wọ́n lò nídìí fídíò ṣòfò. Ẹ bi wọ́n ní fídíò tí wọ́n ti wò, ẹ ní kí wọ́n sọ ìmọ̀ràn tí wọ́n ti gbà, torí ìgbà míì ìmọ̀ràn mẹ́ta tó ń bára wọn jà lẹ ó máa tú. Ẹ yẹ ohun èlò wò kẹ́ ẹ tó yẹ èèyàn wò. Ẹ pa tírákì. Ẹ bi wọ́n pé orin tí wọ́n mọ̀ yẹn, key mélòó ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yí ẹnu tàbí ọwọ́ èèyàn padà, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè òde tó ti gbà sílẹ̀, kẹ́ ẹ ṣètò ẹ̀ yíká ẹ̀, torí ẹni tó ń fi fèrè jẹun ò ní lè dákẹ́ fóṣù mẹ́ta nítorí yín.

Àwọn tí kò lágbára olùkọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo mọ̀ pé wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kó ṣáà jẹ́ ojúkojú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa orin ní Poly Ìbàdàn wà níbí, ọ̀pọ̀ nínú wọn á gbà láti kọ́ yín lówó tí kò pọ̀. Láàárín oṣù, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wo fídíò tó bá wù ú, lórí ohun kan ṣoṣo tí olùkọ́ yàn fún un. Tó bá di ọjọ́ ìpàdé, ohun kan yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ láìsí máíkì, nínú yàrá tí kò láriwo, kẹ́ ẹ tó yan òmíràn.